Àyẹ̀wò ìpẹtà inú páìpù àti irin pẹlẹbẹ pẹ̀lú ìró ultrasonic

Àyẹ̀wò ìpẹtà pẹ̀lú ìró ultrasonic jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò láti mọ bí irin páìpù, táǹkì tàbí irin pẹlẹbẹ ṣe nípọn tó, láìgé irin náà, láìdá ihò sí i lára, tí kò sì sábà dá iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe dúró. Wọ́n máa ń rán ìró tí ó ga kọjá ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́ sínú irin láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ìró náà á lọ kan ẹ̀yìn irin, á sì padà wá bí gbohùngbohùn. Iye àkókò tí ó lò ní lílọ àti bíbọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò ìnípọn irin. Bí irin náà bá ti fẹ́lẹ́ ju bí ó ṣe wà nígbà tí ó jẹ́ tuntun lọ, ó fi hàn pé ìpẹtà tàbí ohun mìíràn ti ń jẹ ẹ́.

Ọ̀nà yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àyẹ̀wò tí kì í ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ń lò ó ní ilé ìfọpo, ilé iṣẹ́ amúnáwá, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, ibùdó ìpọnmi àti lára ọkọ̀ òkun. Ohun tí ó mú kí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni olùyẹ̀wò nílò láti fọwọ́ kàn: epo tàbí gáàsì lè máa ṣàn lọ nínú páìpù ní àkókò tí wọ́n ń wọn ìnípọn rẹ̀ láti òde. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà kan tí ó ṣe pàtàkì. Ojú ibi tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lé nìkan ni ẹ̀rọ lè jẹ́rìí sí. Díẹ̀ lára àwọn jàǹbá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n rárá.

Ìpẹtà àti ìdí tí ojú kò fi lè rí i

Ìpẹtà ni bí irin ṣe ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí ohun tí ó yí i ká. Omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí irin dógùn-ún, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń rí i lára àdá tí wọ́n gbàgbé sínú òjò. Nínú ilé iṣẹ́ ńlá, àwọn okùnfà mìíràn wà pẹ̀lú. Kábọ́n dàọ́ksáídì tí ó bá yòrò sínú omi tí ó wà nínú epo máa ń di ásíìdì. Imí-ọjọ́ tí ó wà nínú epo rọ̀bì máa ń jẹ irin nígbà tí ooru bá pọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé inú omi tí ó dúró sójú kan, ohun tí wọ́n ń tú jáde sì ń ba irin jẹ́. Iyanrìn tí epo ń gbé lọ máa ń ha inú páìpù, omi gbígbóná tí ń sáré sì lè fọ ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dáàbò bo irin kúrò lójú rẹ̀.

Ìpẹtà kì í jẹ irin ní ọ̀nà kan náà. Ó lè jẹ gbogbo ojú irin ní ọgbọọgba, débi pé irin náà yóò fẹ́lẹ́ káàkiri. Ó lè jẹ́ kòtò kéékèèké tí ó jinlẹ̀, tí gbogbo ibi tí ó yí wọn ká sì wà ní pípé. Ó sì lè kó ara jọ sí ibi kan, bí ìgbọ̀nwọ́ páìpù, ibi tí páìpù méjì ti pàdé, ìsàlẹ̀ páìpù tí omi máa ń dá sí, tàbí abẹ́ ohun tí wọ́n fi bo páìpù kí ooru má baà jáde.

Ohun tí ó mú kí àyẹ̀wò yìí pọn dandan ni pé púpọ̀ nínú ìbàjẹ́ náà ń ṣẹlẹ̀ nínú, níbi tí ojú kò lè dé. Páìpù tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán lè ti pàdánù ìdajì irin rẹ̀. Òwe Yorùbá tí ó ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an: ohun tí páìpù ń gbé ni ó sábà máa ń jẹ ẹ́.

Ìlànà tí ó fi ń ṣiṣẹ́

Ìró jẹ́ ìgbọ̀n tí ń gba inú nǹkan kọjá gẹ́gẹ́ bí ìgbì. Etí ènìyàn lè gbọ́ ìró tí ó ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n iye ìgbọ̀n yìí. Ìró tí ó bá ju 20,000 hertz lọ ni wọ́n ń pè ní ultrasonic. Àdán ń lo irú ìró bẹ́ẹ̀ láti mọ ibi tí kòkòrò wà nínú òkùnkùn, àwọn dókítà sì ń lò ó láti wo ọmọ inú oyún. Fún wíwọn ìnípọn irin, ìró tí ó wà láàárín mílíọ̀nù 2 àti mílíọ̀nù 10 hertz ni wọ́n sábà máa ń lò.

Fífi ìró mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tí ó fẹ́ ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà a máa fi ìka gbá a láti gbọ́ bí ó ṣe ń dún, nítorí pé ìkòkò tí ó ti sán kì í dún bí èyí tí ó pé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ń ra ìkòkò ń fetí sí bí ohùn ṣe rí, ẹ̀rọ tí ń wọn irin sì ń ka àkókò tí ohùn lò kí ó tó padà.

Ìró ń sáré nínú irin ju bí ó ti ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ. Nínú afẹ́fẹ́, ó ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, nǹkan bí mítà 1,480. Nínú irin, nǹkan bí mítà 5,900. Nínú alumíníọ̀mù, nǹkan bí mítà 6,300. Bí ìró bá dé ibi tí irin ti parí tí afẹ́fẹ́ tàbí ohun tí ń ṣàn bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò ta padà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti mọ ìyára ìró nínú irin náà, ìṣirò tí ó kù rọrùn:

ìnípọn = (ìyára ìró × àkókò lílọ àti bíbọ̀) ÷ 2

Wọ́n ń pín in sí méjì nítorí pé ìró náà lọ, ó sì tún bọ̀. Fún àpẹẹrẹ, bí irin pẹlẹbẹ kan bá nípọn tó mìlímítà 10, ìró yóò rin mìlímítà 20 kí ó tó padà dé. Nínú irin, ìrìn náà kò gbà ju nǹkan bí ìdá 3.4 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ó lè ka àkókò kékeré gidigidi ni wọ́n nílò.

Gíga tí ìró náà ga tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí iye ìgbọ̀n bá ṣe pọ̀ tó ni ìgbì ìró yóò ṣe kúrú tó. Ní mílíọ̀nù 5 hertz, gígùn ìgbì kan nínú irin jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 1.2. Ìgbì kúkúrú lè rí ohun kékeré, ó sì lè wọn irin tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kì í lè rìn jìnnà bí ìgbì gígùn, pàápàá nínú irin tí èròjà inú rẹ̀ bá ṣe wóróworó.

Ìtàn

Ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1880, nígbà tí Jacques Curie àti àbúrò rẹ̀, Pierre Curie, ṣàwárí ní ilẹ̀ Faransé pé àwọn òkúta kan, bíi quartz, máa ń mú iná mànàmáná jáde bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi hàn pé òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: bí iná mànàmáná bá kan irú òkúta bẹ́ẹ̀, yóò fẹ̀ tàbí kí ó sún kì. Nípa báyìí, ohun kan náà lè pariwo, ó sì lè gbọ́ ariwo.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Faransé, Paul Langevin, lo quartz láti rán ìró sínú omi òkun kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi wà. Ní ìparí ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé e, Sergei Sokolov ní ilẹ̀ Soviet dá a lábàá pé ìró tí ó gba inú irin kọjá lè fi àbùkù inú irin hàn. Ní ọ̀nà tirẹ̀, ìró wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì gbọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èyí túmọ̀ sí pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin náà.

Floyd Firestone, onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ni ó mú ìdènà yìí kúrò. Ó béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1940, wọ́n sì fún un ní ọdún 1942. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń rán ìró kúkúrú jáde, á dákẹ́, á sì dúró de gbohùngbohùn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ní àkókò kan náà, Donald Sproule ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará méjì kan, Josef àti Herbert Krautkrämer, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ náà fún títà ní ìlú Cologne ní Jámánì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rọ tí ó tóbi tẹ́lẹ̀ kéré títí ó fi di ohun tí ọwọ́ kan lè gbé.

Ohun èlò

Ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ yìí: ẹ̀rọ, próòbù àti jẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀rọ ni ó ń rán iná mànàmáná kúkúrú jáde, tí ó ń ka àkókò, tí ó sì ń fi èsì hàn lójú rẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jù lọ ń fi nọ́ńbà nìkan hàn. Èyí tí ó tún jinlẹ̀ sí i ń fi àwòrán ìgbì hàn, kí olùyẹ̀wò lè fi ojú ara rẹ̀ rí gbohùngbohùn tí ẹ̀rọ fi ṣírò.

Próòbù ni orí kékeré tí wọ́n ń gbé lé ojú irin. Inú rẹ̀ ni kírísítálì tí ń sọ iná mànàmáná di ìgbọ̀n, tí ó sì ń sọ ìgbọ̀n di iná mànàmáná wà. Fún ìpẹtà, wọ́n sábà máa ń lo próòbù oníkírísítálì méjì. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń gbọ́, wọ́n sì dojú kọ ara wọn díẹ̀, pẹ̀lú ohun tí kì í jẹ́ kí ìró kọjá láàárín wọn. Irú próòbù yìí dára fún irin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti rí págunpàgun nítorí ìpẹtà.

Jẹ́ẹ̀lì, omi, òróró tàbí gírísì ni wọ́n máa ń fi sí àárín próòbù àti irin. Bí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín wọn, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ìró kò ní wọ inú irin, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò ta padà lójú afẹ́fẹ́ náà. Ìdí kan náà ni àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò aboyún ní ilé ìwòsàn fi máa ń fi jẹ́ẹ̀lì pa á ní ikùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wo àwòrán ilé iṣẹ́, irú irin tí wọ́n lò, ohun tí páìpù ń gbé, ooru rẹ̀ àti ìfúnpá inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan àwọn ojú ibi tí wọn yóò máa wọ̀n, wọ́n á sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí ẹni tí yóò wá ní ọdún mìíràn lè padà sí ojú ibi kan náà.

Ní ibi iṣẹ́, olùyẹ̀wò á fọ ojú irin mọ́, á gé ìpata tí ó ṣí kúrò, á sì fi ẹ̀rọ sí òṣùwọ̀n. Ohun tí ó ń lò ni irin òṣùwọ̀n, ìyẹn irin onípele tí wọ́n ti mọ ìnípọn ìpele rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dájú. Irin òṣùwọ̀n yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú irin kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fẹ́ wọ̀n, nítorí pé ìró kì í sáré bákan náà nínú gbogbo irin. Bí ẹ̀rọ bá ka ìpele tí ó nípọn àti èyí tí ó fẹ́lẹ́ bí ó ti tọ́, iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, olùyẹ̀wò á tún padà sí irin òṣùwọ̀n láti rí i dájú pé ẹ̀rọ kò tíì yẹ̀.

Ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan, olùyẹ̀wò á fi jẹ́ẹ̀lì sí i, á gbé próòbù lé e, á sì rọra sún un síwá sẹ́yìn láti wá ibi tí ó fẹ́lẹ́ jù. Nọ́ńbà tí ó kéré jù lọ ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀. Bí ó bá kéré ju bí wọ́n ṣe retí lọ, wọ́n á fa ilà ìbú àti òró sí ibẹ̀, wọ́n á sì wọn gbogbo oríta ilà náà kí wọ́n lè mọ bí ìbàjẹ́ náà ṣe gbòòrò tó.

Oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é

Wíwọn ojú kan sí ojú kan ni ó wọ́pọ̀ jù, òun ni ó sì rọ̀ lọ́rùn jù. Ọ̀nà kejì ni kí próòbù máa rìn lórí irin, kí kọ̀ǹpútà sì máa kó èsì rẹ̀ jọ di àwòrán. Àwòrán náà lè dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé irin láti fi ìnípọn rẹ̀ hàn. Ó tún lè dà bí máàpù tí wọ́n wò láti òkè, tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ ìnípọn ibi kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ kan ní kírísítálì púpọ̀ tí ó tò sínú próòbù kan ṣoṣo, èyí tí ó mú kí iṣẹ́ yá, kí kòtò kéékèèké má sì baà fò wọ́n ru.

Ọ̀nà kẹta wà fún páìpù tí ọwọ́ kò lè dé gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí ó gba abẹ́ títì kọjá. Wọ́n á fi ohun tí ó dà bí ẹ̀gbà yí páìpù ká, wọ́n á sì rán ìró tí iye ìgbọ̀n rẹ̀ kéré gba ara páìpù lọ síwájú àti sẹ́yìn. Ó lè rin ọ̀pọ̀ mítà kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà yìí ń sọ ibi tí irin ti dín kù, ṣùgbọ́n kì í sọ ìnípọn tí ó ṣẹ́ kù ní pàtó. Olùyẹ̀wò ṣì ní láti lọ sí ibẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n.

Fún ọ̀pá epo tí ó gùn, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní pig, tí epo fúnra rẹ̀ ń tì lọ nínú ọ̀pá. Púpọ̀ próòbù ni ó yí ara rẹ̀ ká, ó sì ń wọn irin bí ó ti ń lọ. Epo tí ó wà láàárín ni ó ń ṣe iṣẹ́ jẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, irú pig yìí kò rọrùn láti lò nínú ọ̀pá gáàsì. Pig tí ń lo agbára òòfà ni wọ́n sábà máa ń rán gba ibẹ̀.

Kíkà èsì

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀. Ohun tí ó ń sọ̀rọ̀ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín nọ́ńbà òní àti ti ọdún tí ó kọjá. Ká sọ pé irin pẹlẹbẹ ara táǹkì kan nípọn tó mìlímítà 12 nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ó sì ku mìlímítà 9.6 lẹ́yìn ọdún 10. Mìlímítà 2.4 ni ó ti lọ, ìyẹn mìlímítà 0.24 lọ́dún kan. Bí ìṣirò bá fi hàn pé irin náà kò gbọ́dọ̀ dín sí mìlímítà 6, mìlímítà 3.6 ni ó ṣẹ́ kù láti lò. Bí ìpẹtà kò bá yí ìyára rẹ̀ padà, ọdún 15 ni ó kù.

Àwọn ìlànà kì í jẹ́ kí wọ́n dúró di ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nínú ìlànà API 570, tí ó wà fún páìpù tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, àyẹ̀wò tí ó kàn kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdajì iye ọdún tí ó kù, ó sì tún ní gbèdéke ọdún tí kò gbọ́dọ̀ kọjá bí ó ti wù kí iye náà pọ̀ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpẹtà lè sáré sí i lójijì, bí wọ́n bá yí irú epo rọ̀bì tí wọ́n ń fọ̀ padà tàbí bí ooru bá pọ̀ sí i.

Àṣìṣe tí ó lè wáyé

Ẹ̀rọ lè fúnni ní nọ́ńbà tí kì í ṣe òótọ́ bí olùyẹ̀wò kò bá fura. Ọ̀dà jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ń fa èyí. Ìró kì í sáré nínú ọ̀dà bí ó ti ń sáré nínú irin, nítorí náà ọ̀dà tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ lè mú kí ẹ̀rọ fi ohun tí ó ju mìlímítà 2 lọ kún ìnípọn irin. Àwọn ẹ̀rọ kan ń yẹra fún èyí nípa kíka àkókò láti gbohùngbohùn kan sí èkejì dípò láti ojú próòbù.

Ooru jẹ́ òmíràn. Bí irin bá ti ń gbóná sí i ni ìró ń falẹ̀ nínú rẹ̀. Fún bí ooru ṣe ń fi ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius ga sí i, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju òótọ́ lọ, bí wọn kò bá ṣe àtúnṣe sí i.

Irin tí ó ti fẹ́lẹ́ jù náà lè tan ẹ̀rọ jẹ. Bí gbohùngbohùn àkọ́kọ́ bá yára jù, ẹ̀rọ lè fò ó, kí ó sì ka èkejì, irin tí ó ti fẹ́ lu á sì dà bí èyí tí ó nípọn ní ìlọ́po méjì. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: bí irin pẹlẹbẹ bá ti ní àlàfo láàárín láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, ìró á padà láti ibi àlàfo náà, ẹ̀rọ á sì sọ pé ìdajì irin ti lọ. Kòtò kékeré tí ó jinlẹ̀ sì lè tú ìró ká débi pé kò sí ohun tí yóò padà. Nítorí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó fi dára kí olùyẹ̀wò máa wo àwòrán ìgbì, kí ó má ṣe gbára lé nọ́ńbà nìkan.

Ibi tí wọn kò wọ̀n

Àṣìṣe tí ó burú jù lọ kì í ti ọwọ́ ẹ̀rọ wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2004, páìpù kan bẹ́ ní ilé iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì Mihama ní ẹkùn Fukui, ní ilẹ̀ Jàpáánì. Páìpù náà kò sí ní apá ibi tí ìtànṣán olóró wà. Omi tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí ìwọ̀n 140 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ń gbé. Bí ó ti bẹ́, omi náà di ooru gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì bo àwọn òṣìṣẹ́ tí ń múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ilé iṣẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ 11 ni ó bó, márùn-ún nínú wọn sì kú.

Ìwádìí fi hàn pé irin páìpù náà nípọn tó mìlímítà 10 nígbà tí ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1976. Ní ibi tí ó ti bẹ́, ó ti dín sí mìlímítà 1.4 tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ wà lẹ́yìn ohun tí ń wọn ìṣàn omi, níbi tí omi ti máa ń yí po tí ó sì ń jẹ irin. Ẹni tí ó mọ̀ nípa irú ìpẹtà yìí yóò retí rẹ̀ ní irú ibẹ̀ gan-an. Síbẹ̀, orúkọ ojú ibi náà ti bọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n kọ àwọn ibi àyẹ̀wò sí, wọn kò sì wọ̀n ọ́n fún nǹkan bí ọdún 28. Nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé kò sí nínú ìwé, wọ́n fi àyẹ̀wò rẹ̀ sí oṣù kan náà tí ó padà bẹ́.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2012, páìpù kan bẹ́ ní ilé ìfọpo kan ní ìlú Richmond, ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, ó sì gbiná. Nǹkan bí ènìyàn 15,000 ní àdúgbò náà ni wọ́n wá ìtọ́jú lọ sí ilé ìwòsàn nítorí èéfín. Níhìn-ín, wọ́n ti ń wọn páìpù náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin kan náà ni gbogbo ara rẹ̀. Àwọn ìgbọ̀nwọ́, níbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n jù, ní sílíkọ́nì tí ó pọ̀ díẹ̀, èyí tí ń mú kí irin lè dojú kọ imí-ọjọ́. Apá kan tí ó gùn gbọọrọ láàárín kò ní sílíkọ́nì tí ó tó, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ jìnnà ju àwọn yòókù lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́ kò lè sọ ohunkóhun nípa apá náà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Prudhoe Bay ní Alaska ní oṣù kẹta ọdún 2006, nígbà tí epo rọ̀bì tú dà sórí yìnyín láti inú ọ̀pá tí ìpẹtà ti lu láti inú. Ọdún 1998 ni wọ́n ti rán pig tí ń wọn irin gba inú ọ̀pá náà kẹ́yìn. Wíwọn àwọn ojú ibi kan láti òde ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Lẹ́yìn irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan ibi àyẹ̀wò padà. Wọ́n máa ń yẹ irú irin tí apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ wò, wọ́n máa ń fi ìwé àwọn ibi àyẹ̀wò wé páìpù gan-an, wọ́n sì máa ń wọn púpọ̀ sí i ní ibi tí ìmọ̀ nípa ìṣàn àti ooru bá fi hàn pé ewu wà.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní ọdún 1956 ni ọ̀pá epo àti táǹkì ti ń pọ̀ sí i ní Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pá tí ń gbé epo bẹntiróòlù gba Atlas Cove ní Èkó lọ sí Mosimi nítòsí Ṣàgámù, láti ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn àti Ìlọrin. Ọ̀pá gáàsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 678, bẹ̀rẹ̀ ní Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó wọ inú òkun ní Àgbádárìgì, ó sì gba ẹ̀bá Kutọnu àti Lomé dé Tema àti Takoradi ní Gánà. Ilé ìfọpo ńlá tí wọ́n ṣí ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní ọdún 2023 náà kún fún páìpù àti táǹkì.

Ìpẹtà kọ́ ni ó ń fa gbogbo epo tí ń dà nù ní Nàìjíríà. Àwọn tí ń lu ọ̀pá láti jí epo náà ń dá kún un. Ṣùgbọ́n òjò púpọ̀, afẹ́fẹ́ òkun tí ó ní iyọ̀ àti ilẹ̀ àbàtà máa ń mú kí irin tètè bàjẹ́. Fún ilé iṣẹ́ tí ó jẹ́ tuntun, wíwọn irin rẹ̀ kí ó tó pẹ́ ṣe pàtàkì, torí pé nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ni wọn yóò fi wé gbogbo nọ́ńbà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní èbúté, wọ́n tún máa ń fi ìró wọn irin pẹlẹbẹ ara ọkọ̀ òkun, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi ọkọ̀ sí ìpele ṣe ń béèrè bí ọkọ̀ bá ti ń dàgbà.

Àwọn ìlànà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà

ISO 16809 àti ASTM E797 ni ìlànà méjì tí ó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń fi ìró wọn ìnípọn. Yàtọ̀ sí API 570 fún páìpù, API 510 wà fún àwọn àgbá onífúnpá, API 653 sì wà fún àwọn táǹkì ńlá tí wọ́n ń tọ́jú epo sí. ISO 9712 ni ó ń sọ bí wọn yóò ṣe dán àwọn olùyẹ̀wò wò kí wọ́n tó fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ìpele mẹ́ta ni ó sì pín wọn sí. Ẹni tí ó wà ní ìpele kìíní ń wọn irin lábẹ́ ìtọ́sọ́nà. Ẹni tí ó wà ní ìpele kejì lè fi ẹ̀rọ sí òṣùwọ̀n, kí ó sì túmọ̀ èsì. Ẹni tí ó wà ní ìpele kẹta lè kọ ìlànà iṣẹ́, kí ó sì yan irú ọ̀nà àyẹ̀wò tí ó bá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. Yíyan àwọn ojú ibi tí wọn yóò wọ̀n sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe láàárín olùyẹ̀wò, onímọ̀ ìpẹtà àti àwọn tí ń darí ilé iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, nítorí pé àwọn ni ó mọ ohun tí ó ti yí padà nínú páìpù láti ìgbà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn.